Ọ̀tún Ni Ìpá Mi Wà

Agboolé Olówòkéré,
Mólútẹ̀hìn.

Fẹ̀hìntọlá, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé Ìbàdàn kò le jù fún ọ, ṣé àwọn aláìsàn tí ò ń tọ́jú kì í sì í kanra mọ́ ọ? Omi kì í sú ẹja, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí o yàn kò ní sú ọ láyé. Àwọ̀n rẹ kò ní gbófo, ọkọ̀ rẹ kò sì ní jò nígbà tí èbúté bá ṣì jìnnà. Ní tiwa níbí, a ń fara dà á. Òkun tún ti jẹ nínú ilẹ̀ Àrárọ̀mí, ó gbé ilé Happiness, àbúrò ìyá rẹ, lọ, ó ku ilẹ̀kùn àbáwọlé nìkan, ó sì ń fi kọ́kọ́rọ́ tì í ní gbogbo àárọ̀ kó tó lọ ta ẹja.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìpá mi lo fẹ́ gbọ́. Wọ́n ti ṣe é, ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo yè, má sunkún. O ní kí n fi fóònù gba ìwé tí wọ́n fún mi ní ọsibítù, kí n fi ránṣẹ́ sí ọ. Mo tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, mo gbé fóònù lé e lórí láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, fóònù gbóná díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e kúrò, ìwé ṣì wà níbẹ̀, kò gbà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú báírò.

Rántí pé kí n tó kúrò nílé lo ti kìlọ̀ fún mi pé ìwé kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ kà sókè kí wọ́n tó fi abẹ kan èèyàn, kí wọ́n bi í pé kí lorúkọ rẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe fún un, apá wo ló sì wà, kí àwọn oníṣẹ́ abẹ fúnra wọn dárúkọ ara wọn, kí wọ́n sì ka òwú tó wọlé àtèyí tó jáde. O ní bí wọn kò bá kà á, kí n má dùbúlẹ̀. Mo ní mo gbọ́.

Orí bá mi ṣe é, ọjọ́ tí mo dé ọsibítù ní Ìgbókòdá gan-an ni wọ́n ń ṣí ìwé náà. Wọ́n ta àtíbàbà, wọ́n gbé aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ kọ́ tí wọ́n kọ orúkọ ìwé náà sí, wọ́n pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ọ̀gá àgbà sọ̀rọ̀ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀, ó ní láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò ní fi abẹ kan èèyàn láìjẹ́ pé ìwé náà sọ̀rọ̀. Mo tẹ́tí títí, ìwé náà kò sọ nǹkan kan. Wọ́n wá fi sísọ́ọ̀sì inú yàrá iṣẹ́ abẹ gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n ya fọ́tò. Àwa mẹ́ta tí a kò tíì jẹun láti àná nítorí abẹ, wọ́n ní ká lọ jẹun, pé gbogbo dókítà wà níbi ayẹyẹ. Ríbọ́ọ̀nù nìkan ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì mo pàdé nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Àsíátù, ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ yá. Ó kó ogún ìwé náà síwájú, ó ń máàkì gbogbo ojú àpótí inú wọn. Mo bi í pé iṣẹ́ kí nìyí, ó ní tèmi ti parí, ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló kù. Mo ní kó ka díẹ̀ nínú tèmi fún mi. Ó ti máàkì pé mo ti dárúkọ mi, bẹ́ẹ̀ n kò tíì lanu. Ó ti máàkì pé wọ́n ti fi báírò sàmì sí ibi tí wọ́n máa gé, bẹ́ẹ̀ ara mi mọ́ tónítóní. Ó tún ti máàkì pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ wọ́n ka òwú, òwú sì pé. Fẹ̀hìntọlá, ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí. Wòlíì ìjọ wa tó ń gbààwẹ̀ ogójì ọjọ́ kò tíì ríran dé ọ̀la rí, ọmọ yìí ti rí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ṣí fìlà, mo ní kó bá mi wò ó bóyá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi máa lo ọdún yìí já. Ó ní kí n lọ jókòó.

Nígbà tí wọ́n mú mi wọ yàrá abẹ, wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀. Mo ní ó tì, ìwé kò tíì sọ̀rọ̀. Dókítà Adégbóyè, ará òkè tí wọ́n gbé wá síbí lọ́dún yìí, tí kò rí mi rí, ní ìwé ti parí, wọ́n ti máàkì gbogbo rẹ̀. Mo ní ó dára, ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọdún ni mo fi jẹ́ olórí ọkọ̀ lójú òkun. Ìwọ náà mọ àṣà ọkọ̀ wa: kò sẹ́ni tó ń bá wa lọ sí agbami láìjẹ́ pé ó dárúkọ ara rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀, kó sì fọwọ́ kan ohun tó máa fi ṣiṣẹ́, alájẹ̀ á fọwọ́ kan àjẹ̀, ẹni tó ń gbọ́n omi á fọwọ́ kan igbá. Bí ìjì bá dé, a ti mọ ẹni tó wà ńbẹ̀ àti ilé tí a máa ròyìn fún. Èmi rò pé ohun tí ìwé yẹn jẹ́ nìyẹn, pé àwọn òyìnbó ló wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ wa. Mo jókòó lé tábìlì wọn bí mo ṣe ń jókòó sídìí ọkọ̀, mo ní kí oníkálùkù dárúkọ. Dókítà fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ìhòòhò ni mo wà, ojú sì ń tì í láti bá àgbà tó wà níhòòhò jà.

Ẹni tó ń fúnni lábẹ́rẹ́ ní Sunday lòun ń jẹ́. Mo ní ọjọ́ nìyẹn, ta ni bàbá rẹ̀? Ó ní Akínwùmí, ará Àrárọ̀mí. Dókítà yíjú sí i, ó ní láti oṣù mẹ́fà tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, òun rò pé Monday ni. Sunday ní òun ti ń dáhùn sí i kí iṣẹ́ má baà dúró. Wọ́n rẹ́rìn-ín, Sunday fọwọ́ kan abẹ́rẹ́, dókítà fọwọ́ kan abẹ.

Mo wá ní kí dókítà sọ ibi tí à ń lọ. Ó gbé ìwé, ó kà á pé ìpá, apá òsì. N kò jiyàn. Mo rò ó pé ó kọjú sí mi ni. Bí ọkọ̀ méjì bá pàdé lójú omi, òsì tìrẹ ló wà níwájú ọ̀tún tèmi, ẹni tó kàwé tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàì mọ ìyẹn. Àṣà ló kù, mo ní kó fọwọ́ kan ibi tí à ń lọ. Ìpá mi yìí, bí o ṣe mọ̀, bó bá ti rí àlejò, ńṣe ló máa ń sá wọlé, kò sí ohun tí ojú lè rí. Dókítà nawọ́, ó gbé e lé apá òsì mi, níbi tí nǹkan kan kò ti ṣe mí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Mo ní dókítà, ẹ ti kọjá èbúté, ọ̀tún ni ìpá mi wà.

Dókítà wá àmì báírò lára mi, kò rí i. Wọ́n ránṣẹ́ pe Àsíátù, wọ́n yẹ ogún ìwé náà wò. Ara ẹyọ kan ló ti da gbogbo wọn kọ, òsì, òsì, òsì, títí kan ti Tẹ́ní, ìyàwó Godspower tó ń wa ọkọ̀ èrò, tí wọ́n fẹ́ fi abẹ gbẹ̀bí fún: apá òsì ni wọ́n ní kí wọ́n ti gbé ọmọ. Dókítà jókòó sórí àpótí, ó dorí kodò. Mo rò pé ebi ni, mo ní kí wọ́n wá púpurú gbígbóná fún un. Nígbà tó dìde, òun fúnra rẹ̀ ló fi báírò sàmì sí ọ̀tún mi, ó ní kí wọ́n tún ìwé náà kà sókè láti ìbẹ̀rẹ̀, kí Àsíátù máa máàkì lẹ́yìn tó bá gbọ́, kó má ṣe máàkì kó tó gbọ́.

Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn, ìsàlẹ̀ mi kú, ṣùgbọ́n etí mi ń gbọ́. Kí wọ́n tó rán mi, wọ́n ka òwú. Mẹ́wàá ló wọlé, mẹ́sàn-án ló jáde. Dókítà ní kò sẹ́ni tó máa rán nǹkan kan. Wọ́n wá orí tábìlì, wọ́n wá inú korobá, wọ́n kúnlẹ̀ wá abẹ́ ibùsùn, abẹ́ bàtà dókítà ni wọ́n ti rí i. Wọ́n tún gbogbo rẹ̀ kà. Òwú tí wọ́n máa jù sí ààtàn ni o. Omi bọ́ lójú mi, wọ́n rò pé abẹ ló ń dùn mí.

Ìyá rẹ ló sọ sí mi lọ́kàn. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ èrò tó wọ̀ dànù, kò sẹ́ni tó ka èèyàn wọlé. Wọ́n yọ mẹ́rìnlá, wọ́n ní èèyàn pé, a tilẹ̀ kọrin ọpẹ́ ní èbúté. Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó rí i pé iná kò sí ní ààrò rẹ̀. Ká ní ẹnìkan mọ̀ pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wọlé, wọn ì bá wá a bí wọ́n ṣe wá òwú yẹn. Ó ń dùn mí títí di òní.

Ọ̀gá àgbà wá bá mi lórí ibùsùn, wọ́n fi aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ yẹn kọ́ sókè orí mi, wọ́n ya mí ní fọ́tò pé èmi ni ẹ̀rí pé ìwé náà ń ṣiṣẹ́. Ó bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ òsì fún ẹnikẹ́ni. Mo ṣèlérí fún un, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Mo bá wọn bẹ̀bẹ̀ fún Àsíátù, wọn kò lé e. Láti ọjọ́ náà títí mo fi kúrò níbẹ̀, kò fún mi ní ẹ̀kọ mu láìbéèrè orúkọ mi lẹ́ẹ̀mẹta.

Owó oògùn ti tán lọ́wọ́ mi, bá mi wá nǹkan fi ránṣẹ́, kí o sì fi ti epo kún un. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí, ìwé yẹn ni kí o kọ́kọ́ wá fún mi, ogún ẹ̀dà, ní èdè Yorùbá, fún àwọn ọkọ̀ èrò. Mo ti sọ fún Ọlámijùwọ́n, alága àwọn awakọ̀ ojú omi, ó ní ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ta ló máa ta àtíbàbà ìṣíwèé? Mo ní n kò fẹ́ àtíbàbà. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń jókòó ní èbúté Ìgbókòdá láàárọ̀, mò ń ka èèyàn wọlé, mo sì ń bá ọkọ̀ tó kẹ́yìn bọ̀ wálé láti kà wọ́n jáde. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Bàbá Oníkíkà ni wọ́n ń pè mí.

Àná, Godspower gbé wa dé, ó ní èrò òun pé, mẹ́tàlá. Mo ní mẹ́rìnlá ni mo kà wọlé, kò sẹ́ni tó máa lọ sílé. Ó búra, ó tún kà, mẹ́tàlá. Tẹ́ní ló ṣí ìborùn àyà rẹ̀, ọmọ tuntun wọn ló ń sùn níbẹ̀; bàbá rẹ̀ kò kà á. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: mẹ́rìnlá.

Ibikíbi tí o bá wọ̀, ọmọ mi, wọn á kà ọ́ wọlé, wọn á kà ọ́ jáde, iye wa kò ní dín mọ́.

Èmi ni bàbá rẹ tí ọ̀tún rẹ̀ ti san,
Olówòkéré.