Ohùn Rẹ Lójú Òkun

Mobọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

Ara mi le, mò ń jẹun dáadáa. Ọ̀dọ̀ Ìbíkúnlé ni mo ṣì ń gbé ní McKinney, lẹ́bàá Dallas. Òun ló ń sanwó ilé àti oúnjẹ mi.

Ní Sọ́ńdè tó kọjá, ó sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé òun lòun ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò tí a ń ṣe ní bòókẹ́lẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi lójú òkun láyé ìjọba ológun. Ìbíkúnlé tó tú àṣírí wa fún sọ́jà! Ohùn tìrẹ ni àwọn èèyàn ń gbọ́. Èmi ni mò ń di ẹ̀rọ mú tí ìgbì bá dé, tí èmi àti ìwọ á sì máa rẹ́rìn-ín.

Ó yíjú sí mi. "Adékọ́lá, ṣé irọ́ ni?"

"Rárá, sà."

Wọ́n pàtẹ́wọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́. Mo kórìíra ara mi.

Bá mi kí Túndùn ọmọ rẹ. Sọ fún un pé Dallas dùn.

Adékọ́lá