Àpò Òsì Jákẹ́ẹ̀tì Lọ́ńdọ̀nù

Màámi, ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ti lọ, ìkíni tí mo mọ̀ náà nìyẹn. Ara mi le. Mo ṣì wà ní wọ́ọ̀fù Àpápá pẹ̀lú àwọn tó ń bá oníṣòwò gba ẹrù jáde. Tí wọ́n bá ṣí kọ̀ǹténà, èmi ni mo máa wọlé lọ yẹ̀ ẹ́ wò, bóyá ohun tí wọ́n kọ sára páálí ló wà nínú páálí lóòótọ́. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ yìí bá mi lára mu. Láti kékeré lẹ ti ń sọ pé ojú mi kì í gba nǹkan gbọ́. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Èmi ti ń lo oògùn náà kí n tó dàgbà.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé mo ti rí jákẹ́ẹ̀tì yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Èyí aláwọ̀ ewé àti funfun tí Kàmọ́rù wọ̀ lórí tẹlifíṣàn ni mò ń wí.

Ṣé ẹ rántí yàrá wa ní Olódì, tí máṣíìnì yín dojú kọ fèrèsé? Nígbàkígbà tí Nàìjíríà bá ti fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ńlá, a kì í ríbi tẹ ẹsẹ̀ sí nínú yàrá yẹn, gbogbo ilẹ̀ á kún fún aṣọ aláwọ̀ ewé. Ẹ̀yin lẹ gé e, ẹ̀yin lẹ rán an, ẹ̀yin lẹ fi síìpù sí i. Èmi ni mo máa ń gbé agolo bisikíìtì tí lébẹ́ẹ̀lì wà nínú rẹ̀ wá, àwọn aṣọ péńpé tí ẹ ń rán mọ́ inú ọrùn. Ítálì wà níbẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù wà níbẹ̀, Améríkà náà wà níbẹ̀. Olódì ni kò sí níbẹ̀. Mo bi yín títí ó fi sú yín. Báwo lèèyàn ṣe máa fẹ́ràn Nàìjíríà débi pé ó fẹ́ wọ àwọ̀ rẹ̀ sọ́rùn, tí kò sì ní rà á àfi tí a bá purọ́ fún un pé ìlú òyìnbó la ti rán an? Ẹ kàn máa ń na ọwọ́ pé kí n mú Lọ́ńdọ̀nù wá.

Inú àpò ni mo ti ń mọ iṣẹ́ yín. Ẹ kì í fi òwú ṣòfò. Èyí tó bá ṣẹ́ kù sínú bọ́bìnì abẹ́ máṣíìnì, ìbáà jẹ́ pupa, ìbáà jẹ́ búlúù, inú àpò òsì lẹ máa ń rán an tán sí kí ẹ tó ki òmíràn. Ta ló ń wo inú àpò? Ọ̀rọ̀ yín nìyẹn. Níta, aṣọ á máa dán gbinrin. Nínú àpò, òwú oríṣiríṣi, bí ọbẹ̀ tí a fi ohun tó ṣẹ́ kù nílé sè.

Kàmọ́rù ọmọ Ìyá Alákàrà, tí ilé wọn kò jìnnà sí tiwa, ti di olórin nígbà náà. Gbogbo Ajégúnlẹ̀ ló ń jó ijó rẹ̀. Kò tilẹ̀ jẹ́ Kàmọ́rù mọ́. Ó ti sọ ara rẹ̀ lórúkọ bí ẹni pé Jàmáíkà ni wọ́n bí i sí. A kó ara wa sí pálọ̀ onílé láti wò ó lórí tẹlifíṣàn. Wọ́n bi í léèrè nípa jákẹ́ẹ̀tì tó wọ̀. Ó gbé ọrùn sókè, ó ní, "Na London dem buy am for me o. Naija no fit sew this kind thing."

Háà! Inú bí mi, omi bọ́ lójú mi. Mo wojú yín pé kí ẹ sọ̀rọ̀. Ẹ̀rín lẹ ń rín, Màámi. Ẹ rín in títí ẹ fi di ògiri mú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fura sí ẹ̀rín yẹn. Ọ̀rọ̀ tó ju ẹkún lọ ló dé ni, tí ẹ fi ń rẹ́rìn-ín? Ṣé ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ yín ni àbí ẹ ò mọ̀? Mo gbé ìbéèrè náà mì, ẹ sì lọ.

Lẹ́yìn tí a sin yín, mo wá ohun kan ṣoṣo tí mo lè fi han àwọn ọmọ mi pé ìyá àgbà wọn ló rán an. Kò sí. Gbogbo ohun tí ẹ rán láyé yín, orúkọ ìlú ẹlòmíràn ló wà lọ́rùn rẹ̀, ara ẹlòmíràn ló sì wà. Ó dùn mí ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ yín kiri. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ní òun máa dáṣọ fún wa, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Èmi wá ń wo ti ọrùn gbogbo ayé. Àwọn tó ń ta aṣọ òkìrìkà ní Olódì ti mọ̀ mí sí ẹni tó ń yí àpò òsì síta, wọ́n á ti máa lé mi kí n tó dé ìdí igbá wọn. Lọ́jọ́ kan, mo ki ọwọ́ bọ àpò jákẹ́ẹ̀tì tí oníbàárà wa kan, ọ̀gá pátápátá ní GRA, fi kọ́ ẹ̀yìn àga. Ó wọlé bá mi níbẹ̀. Ẹ má bi mí ní irọ́ tí mo pa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Nàìjíríà ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo lọ wò ó ní Ajégúnlẹ̀, ní ilé páànù tí wọ́n ti ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà. Ooru ń pa wá. Ọkùnrin kan wá jókòó síwájú mi, jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, nínú ooru yẹn! Àwọ̀ ewé aṣọ náà ti ṣá, irun orí ọkùnrin náà sì ti ń tán lọ. Kàmọ́rù ni. Kò sẹ́ni tó ń jó ijó rẹ̀ mọ́. Ó ń bá àwọn awakọ̀ tírélà wá ààyè ìgbọ́kọ̀sí ní ibùdókọ̀ Coconut. Bí Nàìjíríà ṣe gbá góòlù wọlé, tí gbogbo èèyàn fò sókè, èmi ki ọwọ́ bọ àpò rẹ̀.

"Olè! Ẹ wá wò ó o, ọwọ́ ẹ̀ wà lápò mi!"

Màámi, díẹ̀ ló kù kí wọ́n lù mí pa. Góòlù ni wọ́n ń yọ̀ sí, wọ́n yọ ayọ̀ náà dé ẹ̀yìn mi. Orúkọ yín ni mo fi pariwo. "Bọ̀dá Kàmọ́rù, ọmọ Ìyá Télọ̀ ni mí! Ọmọ Ìyá Télọ̀ Olódì!" Ó tú ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó wò mí, ó tún mi wò, ó sì fà mí jáde.

Òun fúnra rẹ̀ ló yí àpò òsì síta. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ya, ṣùgbọ́n òwú wà níbẹ̀: pupa, lẹ́yìn náà búlúù, lẹ́yìn náà yẹ́lò. Ẹ̀yin ni. Mo sunkún lójú títì láìtijú. Nígbà tí mo sun ún tán, mo kọjú ìjà sí i. Kí ló dé tó fi sọ pé Lọ́ńdọ̀nù? Kí ló dé tó fi jẹ iṣẹ́ ìyá mi mọ́ wọn lọ́wọ́?

"Ìyá ẹ ló kọ́ mi," ló sọ. "Wọ́n fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní, 'Tí wọ́n bá bi ẹ́, Lọ́ńdọ̀nù ni o. Tó o bá ní Olódì, ìwọ náà á di ará Olódì lójú wọn, èmi náà ò sì ní rí ọjà tà.' I swear, ohun tí wọ́n ní kí n sọ ni mo sọ."

Irọ́ ni, mo sọ fún un. Ẹni tó sọ ara rẹ̀ di ọmọ Jàmáíkà, kí ni kò lè sọ? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò létí mi. Di ará Olódì lójú wọn. Ohun tí ẹ máa ń sọ sí mi létí nìyẹn nígbàkígbà tí a bá gbé aṣọ lọ fún àwọn ìyàwó ọ̀gá ní GRA, pé kí n má sọ ibi tí à ń gbé. Mo wá rántí pé lẹ́yìn ọjọ́ tẹlifíṣàn yẹn, àwọn ọ̀dọ́ tò sí fèrèsé wa, jákẹ́ẹ̀tì Lọ́ńdọ̀nù ni gbogbo wọn ń béèrè. Mo rántí bàtà tuntun tí mo wọ̀ lọ sílé ìwé.

Ẹ̀rín ẹni tí ọjà rẹ̀ tà lẹ ń rín! Èmi sì ń sunkún nítorí yín ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Inú ń bí mi sí yín, Màámi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Gbogbo ọgbọ́n orí yín yẹn, kò sí ọjọ́ kan tó wù yín kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀yin ni? Ṣé Nàìjíríà ló fi yín pamọ́ ni, àbí ẹ̀yin lẹ sá pamọ́ fún un? Àbí ẹ mọ̀ wá ju bí a ṣe mọ ara wa lọ?

Mo ní kí Kàmọ́rù ta jákẹ́ẹ̀tì náà fún mi. Ó kọ̀. Mo fura pé ó fẹ́ kí n fowó lé e ni. Mo fowó lé e, ó tún mirí pé rárá. Ó ní òun ti ta gbogbo nǹkan tán, èyí nìkan ló kù tó ń rán òun létí pé òun ti jẹ́ èèyàn rí. Ó wá béèrè bóyá máṣíìnì yín ṣì wà, kí n bá òun rán àpò náà, ó sì bọ́ jákẹ́ẹ̀tì náà lé mi lọ́wọ́.

Máṣíìnì náà wà lọ́dọ̀ mi. Ìró yín ni mo fi bò ó, mi ò fọwọ́ kàn án láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Nígbà tí mo ṣí i, òwú wà nínú bọ́bìnì. Pupa. Ẹ̀yin lẹ ki í. Mo jókòó, mo ń wò ó bí ẹni tó rí ẹni tó ti kú. Mo ti ya aṣọ péńpé kan, mo ti fi abẹ́rẹ́ kọ orúkọ yín sí i, mo fẹ́ rán an mọ́ ọrùn, lórí Lọ́ńdọ̀nù. Ọwọ́ mi kọ̀. Aṣọ tí ẹ fún ọmọ ọlọ́mọ ni, irọ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀yin lẹ fún un. Ta ni mo jẹ́ tí màá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?

Mo fi òwú yín rán àpò náà. Kò dé ìdajì tó fi tán. Mo ki dúdú tèmi, mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí tiyín parí sí, mo rán an délẹ̀. Kàmọ́rù wọ̀ ọ́, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ní ṣé ó dá mi lójú pé kò ní jò mọ́. Mo ní ó dá mi lójú. Kò wo inú rẹ̀.

Màámi, ẹ máa bá wọn jẹ ohun tí wọ́n ń jẹ lọ́hùn-ún. Aṣọ tí wọ́n bá gbé fún yín, ẹ yẹ ọrùn rẹ̀ wò kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Mo fẹ́ràn yín, mo sì ṣì ń fura sí yín.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń gbé agolo lébẹ́ẹ̀lì.