Wáyà Tí Mo Mú fún Dúró

Ojúlé Kọkànlá,
Abraham Adésànyà Estate,
Àjà, Èkó.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kọkànlá, 2019.

Sàfúrátù, ọ̀rẹ́ mi láti ilé-ìwé girama,

Báwo ni gbogbo ará Elékò? Ṣé ara Alhájì ọkọ rẹ le? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń gbé ọ dáadáa? Inú ń bí mi níbí, mi ò ní purọ́ fún ọ.

O rántí pé Alhájì ló bá wa bẹ Ọ̀gá Mákánjúọlá ní VGC kí wọ́n wo géèmù tí Akínbọ̀dé ọmọ mi fi ọdún méjì ṣe, bóyá wọ́n á gbà á síṣẹ́. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n dá. Láti ọjọ́ Ajé ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ ò ti dá páàdì oníwáyà tí wọ́n ń tẹ̀ lọ́wọ́ fi ta géèmù náà mọ̀ mọ́. Iná páàdì ń tàn, kọ̀ǹpútà ní òun ò rí nǹkan kan. Ó ní ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Linux lòun ń lò, pé dráfà tó yẹ kó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ páàdì ló bàjẹ́. Ó pa gbogbo ohun inú kọ̀ǹpútà rẹ́ yàtọ̀ sí géèmù náà, ó bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Pàbó ni.

Mo sì dúró lé e lórí. Mo ní àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́lé, òun ọkùnrin ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, nǹkan ìṣeré ló dì mú. Ó gbé e lọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́bọ̀. Ọ̀gá wo ojú kọ̀ǹpútà títí, nǹkan kan ò mira, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Nígbà tó dé, mo tún bú u.

Àná ni Dúró kan ilẹ̀kùn. Bíríkìlà ni, lẹ́yìn fẹ́ǹsì wa ló ti ń ṣiṣẹ́; bí mo bá tan jẹnẹrétọ̀, òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń wá ṣáàjì fóònù.

"Mummy, wáyà yín rèé. Tèmi, iná nìkan ló ń gbé. Ẹni tó ń fi orin sí fóònù fún wa máa ń lé mi ni, pé wáyà mi ò lè gbé orin. Àná ló so èyí mọ́ kọ̀ǹpútà tí orin wọlé, ni mo bá mọ̀ pé kì í ṣe tèmi."

Èmi ni mo mú un fún un lọ́jọ́ Àìkú nígbà tí mò ń kó wáyà ṣáàjì wọn fún wọn; tirẹ̀ tó ń gbé iná nìkan ló wá wà lára páàdì ọmọ mi. Dúdú ni gbogbo wáyà náà, mi ò wò ó.

Akínbọ̀dé wà ní balùwẹ̀. Mo yọ wáyà Dúró, mo ki tiwa bọ páàdì àti kọ̀ǹpútà, mo tẹ bọ́tìnì. Ọkùnrin kékeré inú kọ̀ǹpútà fò sókè. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún fò. Ta ni kí n wá bú, Sàfúrátù? Ẹyin lọ̀rọ̀, tèmi ti fọ́ káàkiri ilé. Mo yọ wáyà náà, mo dá ti Dúró padà síbẹ̀, mo fi tiwa sábẹ́ ìrọ̀rí bí olè.

Jọ̀ọ́, kí Alhájì sọ fún Ọ̀gá Mákánjúọlá pé ìyá ọmọ ló ba iṣẹ́ jẹ́, ọmọ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni kí wọ́n tún fún un. Mi ò pè ọ́ lórí fóònù kí ọmọ má bàa gbọ́ ọ kí n tó sọ fún un. Dúró náà ni mo fi lẹ́tà yìí rán sí ọ. Bí Alhájì bá ń jiyàn, kí wọ́n bi í.

Bá mi kí Fàrídátù ọmọ rẹ àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀.

Akínbọ̀dé ṣì jókòó ní pálọ̀ báyìí, ó ń wá ẹ̀ṣẹ̀ sí kọ̀ǹpútà tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti bí i, mi ò tíì sọ fún un rí pé kó má bínú. Bí mo bá ti lẹ lẹ́tà yìí pa, màá mú wáyà náà lábẹ́ ìrọ̀rí, màá lọ bá a.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí inú ń bí sí ara rẹ̀,
Sẹ̀gilọlá.