Ìbéèrè Tí Ẹ Kò Bi Mí

Bàbá mi, ẹni tí ojú mi ṣì ń wá káàkiri ilé,

Mo kúnlẹ̀ kí yín níbi tí ẹ wà. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ nínú ọkàn mi, bí mo bá ń gbálẹ̀, bí mo bá ń dúró de mọ́tò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ báyìí kọjá èyí tí mo lè máa rò nínú, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Màámi wà dáadáa. Orúnkún wọn ń dùn wọ́n láàárọ̀, síbẹ̀ wọn ò gbà kí ẹlòmíì gbá iwájú ilé. Tí òjò bá ṣú, wọ́n ṣì máa ń sọ fún mi pé, "Wo ọ̀nà oko wò, bóyá bàbá ẹ ti ń bọ̀." Wọ́n á sọ ọ́ tán, èmi á sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Bàbá, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi lẹ́nu iṣẹ́.

Ilé ẹ̀kọ́ gírámà ìjọba kan ní ìtòsí Lálúpọn ni wọ́n gbé mi lọ lẹ́yìn tí ẹ kú. Bàọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ wọn, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa àwọn ohun ẹlẹ́mìí. Nínú ohun tí ìjọba ní kí a kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì tó kẹ́yìn ni èyí tí wọ́n ń pè ní ẹfolúṣọ̀n. Ó ní àwọn ohun ẹlẹ́mìí kò rí látilẹ̀ bí a ṣe ń rí wọn lónìí, pé ó ti pẹ́ gan-an tí wọ́n ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran, àti pé ọ̀rọ̀ náà kan àwa èèyàn pẹ̀lú.

Ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì náà tó ń jẹ́ Ráfíátù. Kò sí ẹni tí orí rẹ̀ pé tó tirẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe. Ọjọ́ tí mo kọ́ wọn, òun ló nawọ́.

"Mà, ṣé ọ̀bọ ni bàbá ńlá wa ni?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Rárá o, ọ̀bọ kankan ò bí ẹnikẹ́ni. Ohun tí ìwé ń sọ ni pé ẹ̀dá àtijọ́ kan wà tí kò sí mọ́. Láti ara rẹ̀ ni tiwa ti yà sọ́nà kan, tí ti ọ̀bọ náà yà sọ́nà tirẹ̀." Bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé sí i ni aago lù.

Ráfíátù délé, ó sọ ohun tó gbọ́ fún bàbá rẹ̀. Àlàájì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Àgbẹ̀ ni wọ́n, wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, àwọn sì ni alága ẹgbẹ́ àwọn òbí ní ilé ẹ̀kọ́ wa. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ mi ti di ọ̀rọ̀ míì. Ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí. Ọjọ́ Àìkú, ó dé ṣọ́ọ̀ṣì wa, níbi tí èmi fúnra mi jókòó sí nínú aṣọ funfun mi, láìwọ bàtà, tí mo tẹ orí mọ́lẹ̀. Nígbà tó máa di ọjọ́ Ajé, ó ti dé orí rédíò.

Inú máíkírà, ọkọ̀ èrò kékeré, ni mo ti gbọ́ ọ, iwájú ni mo jókòó sí. Ètò tí àwọn èèyàn máa ń pè sí láàárọ̀ ni. Ẹnì kan pè láti Mọ́níyà, ó ní tíṣà ìjọba ń kọ́ àwọn ọmọ pé ọ̀bọ ló bí wọn, owó orí àwa náà ni wọ́n sì fi ń sanwó fún un. Ẹlòmíì pè láti Akánrán, ó ní kí àwọn ọmọ kọ́ ọ, nítorí kò burú kí èèyàn mọ ohun tí kò gbà gbọ́. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ẹlòmíì fi wọlé: "Kí wọ́n yọ tíṣà náà níṣẹ́ ni!"

Awakọ̀ wa lu sítíárìn. "Òótọ́ lẹ sọ! Kí wọ́n lé e wọ igbó, kó lọ bá àwọn ẹbí ẹ̀!"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, Bàbá. Ìyẹn ló dùn mí jù. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn kí wọ́n má baà mọ̀ pé èmi ni.

Mo dé ilé ẹ̀kọ́, pírínsípà pè mí sí ọ́fíìsì. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fò ó. Ẹ kọ́ wọn ní nǹkan míì. Ta ló máa mọ̀?" Mo jáde, mo lọ sí kíláàsì, mo rí i pé àyè Ráfíátù ṣófo. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sọ fún mi pé bàbá rẹ̀ ti mú un kúrò. Ó wà níbi tí àbúrò bàbá rẹ̀ ti ń yan gàrí, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́. Ọmọ tí ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ ò ju oṣù díẹ̀ lọ mọ́.

Mo padà sí ọ́fíìsì. Mo ní, "Mi ò ní fò ó, sà. Ẹ pe àwọn òbí."

Kí ni mo rò tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin ni mo rò, ẹ̀yin àti ọjọ́ yẹn.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ yẹn? Ọdún àkọ́kọ́ mi ní ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ ni, mo wá lo ìsinmi nílé. Ẹ jókòó sórí àpótí níwájú àká, ẹ ń ṣa àgbàdo tí ẹ máa gbìn. Háríhá, èèpo ara rẹ̀, ni ẹ máa ń wò. Èyí tó bá bo ṣónṣó àgbàdo náà pinpin, tí kòkòrò ò lè ráàyè wọlé, òun ni ẹ máa ń mú, fún oko yín àti fún àwọn tó bá wá tọrọ irúgbìn. Ẹ ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ẹ ó sì sọ fún un bí ẹni ń yin ọmọ pé, "Èyí gbọ́ràn." Èyí tí ẹnu rẹ̀ bá là, ẹ ó jù ú sí ti jíjẹ.

Mo jókòó tì yín, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tuntun tí mo kọ́. Mo sọ̀rọ̀ títí, mo dé orí èèyàn. Ọwọ́ yín dúró.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn tó kàwé ni, Bàbá. Kò lè yé yín."

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ta àgùtàn yín mẹ́ta kí n lè wọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Ẹ rọra gbé àgbàdo ọwọ́ yín kalẹ̀, ẹ gbọn ọwọ́ yín, ẹ dìde, ẹ gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Láti ọjọ́ náà, ẹ ò bi mí ní ohunkóhun nípa ẹ̀kọ́ mi mọ́. Mo rò pé ẹ ń bínú sí mi ni, mo ní kò burú, ẹ máa bínú tán. Ọdún ń gorí ọdún, mi ò bẹ̀ yín. Nígbà tí àìsàn gbé yín dè, mo ti ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ́. Mo ní kó di Sátidé kí n wá. Ọjọ́bọ̀ ni ẹ lọ.

Àwọn òbí kún gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ ìpàdé. Àwọn àgbà ìjọ wa wá pẹ̀lú aṣọ funfun wọn. Ta ló sì ṣáájú wọn? Bàbá Jóṣúà, ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ máa ń gbààwẹ̀. Nígbà tí mo rí wọn, inú mi bàjẹ́. Mo ní ó tán, àwọn ara ilé mi gan-an ló wá lé mi.

Àlàájì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọn ò pariwo. "A ò rán àwọn ọmọ wa wá síbí kí ẹ wá sọ wọ́n di ẹranko. Ọlọ́run dá wọn lọ́mọ èèyàn. Ṣé a ní kí ẹ máa yẹ ìyẹn wò ni?" Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

Ó kàn mí. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo dìde. Gbogbo ohun tí mo kọ sílẹ̀ fò lọ lórí mi. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin màmá mi, ta ló ń gbin àgbàdo bàbá mi nínú yín?"

Wọ́n wo ara wọn. Ọwọ́ kan lọ sókè, òmíràn tẹ̀lé e. Wọ́n pọ̀, Bàbá. Ó yá, Àlàájì náà nawọ́. Mi ò mọ̀ pé irúgbìn yín rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Nígbà tí bàbá mi bẹ̀rẹ̀, bí ti gbogbo èèyàn ni àgbàdo wọn ṣe rí, kòkòrò ń jẹ ẹ́. Wọ́n ń mú èyí tí háríhá rẹ̀ padé, wọ́n ń gbìn ín. Ọdún yípo, wọ́n tún mú. Ó lé lógún ọdún tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà ló ṣe wà lónìí?"

Obìnrin kan dáhùn láti ẹ̀yìn, "Rárá o. Tiwọn kì í tètè bàjẹ́."

"Bí ọwọ́ bàbá mi ṣe ń yan irúgbìn lóko, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dá, àrùn àti ebi ń yan nínú igbó, ó sì ti pẹ́ ju bí a ṣe lè kà á lọ. Ohun tí mo ń kọ́ wọn nìyẹn."

Àlàájì ní, "Àgbàdo lẹ ń sọ. Èèyàn wá ńkọ́?"

"Ó kan èèyàn náà, Àlàájì, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n ìwé yìí ò sọ pé Ọlọ́run ò sí. Aláṣọ funfun ni mí, mo ṣì ń gbàdúrà. Ráfíátù lè kọ́ ọ kó má gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n tí ìdánwò bá bi í, kí ló fẹ́ kọ?"

Ariwo sọ. Ní àárín ariwo náà ni Bàbá Jóṣúà dìde.

Wọ́n ní, "Ẹ̀kọ́ yìí ò wọ̀ mí létí, mi ò ní parọ́. Jẹ́nẹ́sísì ni mo gbà, ibẹ̀ náà ni mo máa kú sí. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ò fi ohunkóhun pa mọ́ fún wa. Ẹni tó bá fẹ́ lé e, kó kọ́kọ́ lọ jókòó sí kíláàsì ẹ̀, kó fetí ara ẹ̀ gbọ́."

Ibẹ̀ ni wọ́n fẹnu ọ̀rọ̀ jóná sí. Òbí tó bá fẹ́ lè wá jókòó, kò sì sí ẹni tí wọ́n máa lé. Kì í ṣe gbogbo wọn ló tẹ́ lọ́rùn. Àwọn méjì fi ìbínú jáde, ìyá kan sì ti mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni. Wọ́n ṣì ń jiyàn rẹ̀ lórí rédíò títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ibi tí mo ti kọjú sí pátákó ni mo ti gbọ́ "Às-sàláàmù àléékúmù" lẹ́nu ọ̀nà. Àlàájì ni. Ráfíátù wà lẹ́yìn wọn nínú yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀. Wọ́n lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tábìlì. Wọ́n gbọ́ ohun tí mo sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí mo ṣe tán, wọ́n nawọ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń nawọ́.

"Tíṣà, ṣé ẹ̀gẹ́ náà ń yí padà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àlàájì."

"Mo ti fura." Wọ́n mi orí. "Ti èèyàn nìkan ni mi ò gbà."

"Kò burú, Àlàájì."

Ráfíátù bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n dìde, wọ́n fi í sílẹ̀ síbẹ̀, wọ́n lọ sóko. Kò pa kíláàsì jẹ láti ìgbà náà.

Ó yẹ kí inú mi dùn, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fò, nítorí òun gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ, tí mi ò sì mọ bí mo ṣe máa gbé e kalẹ̀.

Lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, nígbà tí gbogbo èèyàn ń túká, Bàbá Jóṣúà dá mi dúró lábẹ́ igi fúrúùtù. Mo fẹ́ dúpẹ́, wọ́n ní kí n má dúpẹ́.

"Ọjọ́ tí o bá bàbá ẹ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀dọ̀ mi ló wá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rò pé ó fẹ́ ká gbàdúrà lé ọ lórí ni. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, 'Jóṣúà, ọmọ yìí ti mọ ohun tí mi ò mọ̀. Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ bi í, ṣùgbọ́n ó ní kò lè yé mi. Ojú ń tì mí.'"

Mo ní, "Ìbéèrè wo ni, Bàbá?"

"Kò sọ fún mi. Ó ní ìwọ lòun máa bi. Gbogbo ìgbà tí o bá ti ń bọ̀ wálé ló máa ń sọ fún mi pé lọ́tẹ̀ yìí, òun máa bi ọ́."

Bàbá, ẹ ò bínú. Ojú ló ń tì yín, èmi ni mo sì dójú tì yín. Gbogbo ìgbà tí ẹ máa ń wá bá mi nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ẹ ó wú ikọ́, tí ẹ ó dúró díẹ̀, tí ẹ ó wá béèrè bóyá mo ti jẹun, ṣé ìyẹn ni? Ṣé ibẹ̀ ni ẹ ti ń gbìyànjú? Ṣé nípa àgbàdo yín ni? Àbí nípa Ádámù? Ṣé ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá mo ṣì gba Ọlọ́run gbọ́ ni? Àbí ìbéèrè kékeré kan lásán ni, tí à bá jọ rẹ́rìn-ín sí, tí à bá sì wọlé lọ jẹun?

Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń nawọ́ sí mi, mo sì ń dá wọn lóhùn. Bí ẹnì kan bá béèrè ohun tí kò nítumọ̀, n kì í kánjú mọ́. Mo máa ń dúró kó sọ ọ́ tán.

Ẹ dárí jì mí. Kò sí èyí tí kò lè yé yín nínú rẹ̀, Bàbá. Èmi ni kò yé.

Ọmọbìnrin yín ni,
tó fetí sílẹ̀ báyìí, tí kò sì ní dá ọ̀rọ̀ mọ́ yín lẹ́nu mọ́.