Àrùn Tó Sá Wọ Abẹ́ Yanrìn

Àkọ́bí mi,

Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹja rẹ tó ṣẹ́kù lè kú kí lẹ́tà yìí tó dé ọwọ́ rẹ, èyí tó sì ń bà mí lẹ́rù ju ìyẹn lọ ni pé bó bá kú, o ò ní bá àbúrò rẹ sọ̀rọ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé ìkíni ló yẹ kó ṣáájú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kún mi lẹ́nu. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ò pọ̀ jù fún ọ? Ọlọ́run á máa ṣọ́ ìjáde rẹ àti ìwọlé rẹ, ẹni ire ni wàá máa bá pàdé. Ara tèmi le, orúnkún nìkan ló ń bá mi ṣe àwàdà tí kò pa mí lẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ tí o pè mí, o ò tíì bi mí bí mo ṣe jí tí o fi béèrè ẹja. Mo gbé fóònù náà lé ara àpótí gíláàsì tí o fi wọ́n sí lọ́dọ̀ mi kí wọ́n lè gbọ́ ohùn ọ̀gá wọn, ni gbogbo wọn bá sá lọ sẹ́yìn òkúta. Ó jọ pé o ti pẹ́ jù nílùú, wọn ò dá ohùn rẹ mọ̀ mọ́. Èmi náà ń gbìyànjú kí n má gbàgbé rẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Àbúrò rẹ káfíńtà ra ẹja tuntun kan, pupa bí ẹyin iná, ó ní òun fẹ́ fi kún tìrẹ, torí ọ̀rọ̀ tí òun sọ sí ọ lọ́jọ́ ìsìnkú ìyá yín ń dun òun. Tòun ti omi inú ọ̀rá ló dà á sínú àpótí, mo sì dúró níbẹ̀ mo ń ṣàdúrà sí i. Kò pẹ́ tí nǹkan funfun tíntìntín fi yọ lára gbogbo wọn, bí ẹja tí a fi iyọ̀ sí tí a fẹ́ dín. Wọ́n ń fara ha òkúta, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo rò pé ọmọ ilé kejì ló da iyọ̀ sí wọn lára, mo bá bu omi kànga tútù rin-in rin-in sí i kí iyọ̀ náà lè ṣàn dànù. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí èyí tí ìrù rẹ̀ gùn bí aṣọ ìyàwó fi kú.

Mo gba ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń ta ẹja inú gíláàsì lọ. Ó ní kòkòrò ni, kì í ṣe iyọ̀, àlejò ló gbé e wọlé. Ó ní ẹja tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá gbé inú abọ́ tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó bá àwọn onílé pàdé, a ò sì gbọdọ̀ fi àwọ̀n kan náà kó wọn. Ló bá ní kí n da iyọ̀ sí omi náà, kí n sì mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èmi tí mo ti ń fọ iyọ̀ kúrò! Mo ní ìyáàfin, ìtọ́jú ni mo wá béèrè, ọbẹ̀ lẹ ń kọ́ mi. Ó ní bí mi ò bá gbọ́ràn, kí n kúkú lọ ata sílẹ̀, torí ibẹ̀ náà ló máa parí sí. Ó wá béèrè ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi. Ọmọ mi, pípa ni mo máa ń pa á, torí mo rí i tí omi ń hó, mo rò pé ó fẹ́ sè wọ́n. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mú. Ó ní omi tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ kì í ní atẹ́gùn tó, kí n jẹ́ kó máa fẹ́.

Àbúrò rẹ ló ṣe gbogbo rẹ̀. Àràárọ̀ ló ń yà kó tó lọ síbi iṣẹ́, pẹ̀lú eruku pákó lára, á rọ omi gbóná sínú ìgò oníke, á dé e, á gbé e léfòó nínú àpótí kí ooru máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí funfun náà bọ́ lára wọn, mo yọ̀, mo ní kó fi í sílẹ̀, ó ti tán. Àṣé kò tán. Bí kòkòrò náà bá bọ́ lára ẹja, abẹ́ yanrìn ló ń sá lọ bímọ, ìgbà tí àwọn ọmọ náà bá sì jáde sínú omi gan-an ni oògùn tó ń rí wọn mú. Àwa ti ṣíwọ́ ní tiwa. Ó padà dé pẹ̀lú gbogbo ẹbí rẹ̀. Ó wá ku àgbà ẹja rẹ olójú ìyeyè, àti àlejò náà.

Mo jókòó ti àpótí, ẹ̀yin méjèèjì ni mo ń rò. Yàrá yìí náà ni mo ti fi ọwọ́ rẹ sínú ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ ní ó ti tán, mo sì yọ̀. Ara ló mọ́, ọ̀rọ̀ wà lábẹ́ yanrìn. O wá pè é, o ní ó mọ̀ọ́mọ̀ pa ẹja rẹ ni. Omi ẹja rẹ ló ń pààrọ̀ lọ. Òótọ́ ni pé ó sọ níjọ́ náà pé pósí lo wá wò, pé o ò wá wo aláìsàn. Ọ̀rọ̀ náà korò. Mi ò lè purọ́ fún ọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ẹja láti fi bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í ṣe apani.

A ṣì ń lo iyọ̀ náà, àbúrò rẹ ṣì ń fi rọ́bà fa ìdọ̀tí abẹ́ yanrìn jáde, a ò ní ṣíwọ́ lọ́tẹ̀ yìí bí ara wọn tilẹ̀ mọ́. Owó tí o fẹ́ fi ránṣẹ́ fún oògùn, jọ̀ọ́, fi wọ ọkọ̀ wálé. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o pàdánù ẹni tó ṣì wà láàyè. Fóònù kò dáa fún irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹnu máa ń yá ju ọkàn lọ lórí rẹ̀. Kọ̀wé ni. Àbúrò rẹ ni kí o kọ ọ́ sí, má dárúkọ ẹja nínú rẹ̀, èmi bàbá rẹ á sì kà á bó bá fi hàn mí. Jọ̀ọ́, tètè kọ ọ́.