Àwòrán Ọpọlọ Màmá Wa

                                        Ẹ̀ka Àwòrán, Àjà Kejì,
                                        Ilé Ìwòsàn.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ikọ́ ti fi àbíkẹ́yìn rẹ sílẹ̀? Ara tèmi le, inú nìkan ni kò dùn.

Mò ń jowú, àbúrò mi, kọ̀ǹpútà ni mo sì ń jowú. Má rẹ́rìn-ín. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń wo àwòrán ọpọlọ níbí, tí mò ń sọ ẹni tí àrùn ìgbàgbé ń bọ̀ wá bá. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí a ń pè ní Onígíláàsì wá kó gbogbo èsì tí mo ti kọ, ó fi kọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ títí ó fi mọ àwòrán wò. Àwọn dókítà tó máa ń kan ilẹ̀kùn mi, ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n ń tò sí báyìí. Ọ̀gá wa tilẹ̀ ní kí n kí i kú iṣẹ́! Mo ní kò létí.

Wàá rántí pé lọ́dún tó kọjá, o ní Màmá ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì jágbe mọ́ ọ pé ṣé ìwọ ni dókítà ni. Lóṣù tó kọjá, mo mú wọn wá ya àwòrán. Òfin iṣẹ́ wa ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wo àwòrán ẹbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ yẹn ṣáájú mi wo inú orí ìyá tó bí mi? A kì í fini joyè àwòdì ká má lè gbádìẹ. Mo yọ orúkọ wọn kúrò, mo wò ó, mo kọ ọ́ pé kò sí àrùn. Mo wá gbé e fún ẹ̀rọ kí n lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó fi pupa yí ibi tí ìrántí ń gbé ká. Ibẹ̀ ti ń sún kì. Onígíláàsì, tí kò mọ ẹni tó ni orí, ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i ni? Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ ẹ̀rọ láti máa wo ibí yìí o!” Mo jókòó. Ojú mi ni ẹ̀rọ náà fi rí ohun tí èmi kò fẹ́ rí. Ọ̀gá wa ṣe àyẹ̀wò mìíràn, ó ní òótọ́ ni, Màmá sì ti bẹ̀rẹ̀ oògùn.

Jọ̀ọ́, má bínú sí ariwo ọjọ́sí. Wá kí wọn kí oṣù yìí tó parí. Lánàá, wọ́n ń fọwọ́ pa mí lórí, wọ́n sì ń fi orúkọ rẹ pè mí. Owú tún gbé mi. Èmi tí mò ń gbé oúnjẹ fún wọn láràárọ̀! Ṣùgbọ́n mo ní, “Ẹ̀n, Màmá, èmi ni.”

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń bá ọ jẹ́ orúkọ rẹ nílé.