Mo Gbọ́ Ikọ́ Rẹ Lọ́jọ́ Àlàmísì

Àkàndé ọmọ mi,

Àsàláàmù àlékùn o. Ara ńkọ́? Àyà ńkọ́? Èémí ńkọ́? Àwọn ìyá mìíràn, iṣẹ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọmọ wọn, èmi èémí ni mo máa ń béèrè, torí ẹni tó bá rí èémí mí ló ń ṣiṣẹ́. Mo gbà á ládùúà pé kí ìwé yìí bá ọ lórí ìjókòó ìrọ̀rùn, kó má bá ọ lórí ibùsùn, àmín. Bàbá yín ń kí ọ, orúnkún ṣì ń dùn wọ́n ṣùgbọ́n wọ́n ń lọ sí mọ́sáláásí. Hikmat àbúrò rẹ náà ń kí ọ, tirẹ̀ pọ̀, mo máa débẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé ni pé o ò gbé fóònù mi láti ọjọ́ Àlàmísì. Hikmat ṣí wasáàpù fún mi, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé wọ́n rí ọ ní ìdájí òní. Mo ní ta ló rí i? Ó ní fóònù ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó bi fóònù náà léèrè irú aṣọ tí o wọ̀, àti bóyá o ti rù sí i. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Àkàndé, ẹni yòówù tó ń rí ọ ní ìdájí n'Íbàdàn, bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú tèmi ò rí ọ mọ́, a sì ti pa àgbò Iléyá lẹ́ẹ̀mejì tí a kò rí ẹni tó máa jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀.

Fóònù mi gan-an ò dá ṣáṣá mọ́, ohùn rẹ ń jáde bí ohùn ẹni tó wà nínú ìkòkò. Ṣé o rántí pé dókítà ní kòkòrò inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ kò gbọ́dọ̀ dé ara Hikmat? Nítorí náà, nígbàkigbà tí o bá ti wúkọ́ sínú fóònù yẹn, omi gbígbóná ni mo fi ń fọ̀ ọ́ kó tó kan ọwọ́ àbúrò rẹ. Bàbá yín ní kí n sá a sóòrùn. Mo ti ń sá a.

Sherifat tó ń ránṣọ ní òdìkejì títì bá mi jà lọ́jọ́ kan. Ó rí i tí mò ń bu iyọ̀ sí oúnjẹ Hikmat, ó ní ṣé mi ò gbọ́ lórí rédíò pé iyọ̀ ń pa èèyàn ni. Mo jókòó, mo là á yé e. Mo ní àwọn ọmọ mi méjèèjì, iyọ̀ ló ń bá òógùn jáde lára wọn, pé nígbà tí mo bí Àkàndé, bí mo bá ti fẹnu kan iwájú orí rẹ̀, iyọ̀ ni mo máa ń tọ́ wò, mo sì rò pé ọbẹ̀ ọwọ́ mi ló ta sí i. Mo ní sísítíìkì fáíbúrósíìsì ni wọ́n ń pe àìsàn náà. Òyìnbó ló sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n èmi àti bàbá wọn la jọ fún wọn láìmọ̀, bí àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ AS ṣe máa ń fẹ́ra wọn láìmọ̀. Ó máa ń jẹ́ kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ inú àyà ki bí oje igi, kò ní ṣàn, kò ní lọ, kòkòrò á wá rí ibẹ̀ jókòó bí ayálégbé tí kì í san owó ilé. Sherifat ní áà, ṣé ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi ń gbá ọmọ náà lẹ́yìn láràárọ̀, pé òun ti ń bá àwọn oníbàárà òun sọ ọ́ pé mò ń na ọmọ lórí òfo.

Mo ṣì ń gbá a lẹ́yìn. Á dùbúlẹ̀ sórí itan mi, màá gbá òsì, màá gbá ọ̀tún, títí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á fi jáde. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣe tirẹ̀ tán, agbára ṣì máa ń ṣẹ́kù sí ọwọ́ mi, Àkàndé, ẹ̀yìn rẹ ni ọwọ́ náà ń wá. O ní o ní nǹkan kan tí o máa ń fẹnu fẹ́ tó máa ń gbọn àyà. Mo kọ́kọ́ rò pé fèrè ni, mo sì ń bẹ Ọlọ́run kó fún àwọn tí ẹ jọ ń gbélé ní sùúrù. Ó ti yé mi báyìí. Ṣùgbọ́n nǹkan yẹn ò mọ abẹ́ èjìká òsì níbi tó ti máa ń le jù.

Ikọ́ Hikmat gbóná díẹ̀ lóṣù yìí, la bá lọ sí Ìlọrin. Wọ́n ní kó wúkọ́ sínú ike kékeré kan, pé àwọn máa gbin kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà. Èmi tí mò ń gbin pákí ní Ìjàgbò, mo mọ̀ pé ohun tí èèyàn bá fẹ́ kó pọ̀ ló ń gbìn. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbìn ín, èyí tó wà nílẹ̀ ti tó wa. Dókítà Oyètúndé, obìnrin jẹ́jẹ́ yẹn, ló fà mí dìde. Wọ́n ní Mummy, ẹ má bínú, ṣe la fẹ́ mọ irú kòkòrò tó máa hù níbẹ̀, ká lè mọ oògùn tó máa pa á. Nígbà tí èsì dé, wọ́n ní kòkòrò wẹ́wẹ́ tí oògùn ká ló hù. Wọ́n ní olórí kunkun tó wà lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yẹn, kò sí lára rẹ̀ rárá.

Mo ní alihamudulilai. Mo fò sókè. Ìgbà tí mọ́tò wa dé Àjàṣẹ́ ni ẹkún gbé mi. Hikmat ní Mummy, kí ló dé? Mo ní eruku ni. Kì í ṣe eruku. Mo kàn ronú kàn án ni pé ohun tó dá ẹnì kan sí nínú yín, òun náà ni kò jẹ́ kí ẹnì kejì lè wọlé.

Ọjọ́ Àlàmísì wá dé. Mo wà lẹ́yìnkùlé tí mò ń ṣa ẹ̀wà, Hikmat ń sá aṣọ níwájú ilé. Mo gbọ́ ikọ́. Ṣé o mọ̀ pé mo mọ ikọ́ yín bí èèyàn ṣe ń mọ ohùn ọmọ rẹ̀? Ti Hikmat, ọ̀fun ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Tìrẹ, láti ìsàlẹ̀ ikùn ni, ó sì máa ń dúró díẹ̀ kó tó parí. Mo pariwo pé Hikmat, ṣé ìwọ ni? Ó ní òun kọ́. Mo ní ó lè jẹ́ etí mi ni, mo bá tẹjú mọ́ ẹ̀wà mi.

Kò pẹ́ tí Sherifat fi já wọlé, téèpù ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tó fi nǹkan bo imú dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù òun, ilé wa ló ń wò ṣáá, pé òun bi í ta ló ń wá, ó ní òun ò wá ẹnì kan. Ó gbé báàgì fún un pé kó gbé e fún wa, ó sì gun ọ̀kadà lọ. Mo tú báàgì náà, mo rí oògùn tí Hikmat máa ń lò sí oúnjẹ, mo rí hijáàbù aláwọ̀ ewé. Àkàndé, mi ò mọ ìgbà tí mo sáré jáde, mi ò wé gèlè, mi ò wọ bàtà. Mo gun ọ̀kadà dé gárèèjì. Wọ́n ní mọ́tò Ìbàdàn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ni. Ọlọ́kadà ní Mama, ṣé wọ́n jà yín lólè ni? Mo ní rárá, ọmọ mi ló wá kí wa. Kò yé e, kò sì gba owó lọ́wọ́ mi.

Mo padà délé, mo sọ fún Hikmat. Kò sunkún. Ó rọra sọdá títì, ó lọ dúró níbi tí o dúró sí gan-an, ó kọjú sí ilé wa. Ó dúró títí. Nígbà tó dé, ó ní Mummy, ó rí mi dáadáa. Ó wá ní ṣùgbọ́n ó yẹ kó pè mí, mi ò bá dúró sí apá tèmi kí n juwọ́ sí i. Àlàyé ìkíni tó pọ̀ tí mo sọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, mo pe Dókítà Oyètúndé. Mo ní ṣé kò sí ọ̀nà kankan ni? Wọ́n ní kí ìwọ àti Hikmat má wọ yàrá kan náà, kẹ́ ẹ má jọ lo ife tàbí ṣíbí. Wọ́n ní ṣùgbọ́n ní ìta gbangba níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kẹ́ ẹ jìnnà síra yín dáadáa, kẹ́ ẹ bo imú àti ẹnu, kẹ́ ẹ má sì pẹ́, pé ẹ lè rí ara yín. Wọ́n sì ní kòkòrò kì í gba inú fóònù kọjá, pé kí n yé fọ̀ ọ́. Mo wá bi wọ́n ní èyí tó wà lọ́kàn mi gan-an, pé èmi tí ara mi dá, ṣé mo lè fọwọ́ kan ọmọ mi? Wọ́n ní kí ló dé tẹ́ ò fi ní í fọwọ́ kàn án, Mummy? Kẹ́ ẹ ṣáà ti fọwọ́ dáadáa kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ aṣọ kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ Hikmat. Ọmọ mi, mo ti yọ aṣọ náà sílẹ̀.

Nítorí náà, wá ní Sátidé. Bẹ́ǹṣì kan wà lábẹ́ igi máńgòrò, èkejì wà lẹ́bàá géètì lọ́hùn-ún. Bàbá yín ní àwọn á dúró láàárín bíi réfírì, pé ẹni tó bá kọjá ààyè rẹ̀, àwọn á fọn fèrè. Wọ́n ti yá fèrè náà lọ́wọ́ tíṣà kan. Má wá dúró sí ọ̀dọ̀ Sherifat mọ́. Kì í ṣe àlejò la bí.

Bí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ, ojú bàbá yín ń fẹ́ ìgò tuntun, owó dátà Hikmat náà sì ti tán. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé owó mọ́tò nìkan ló wà níbẹ̀, fi wọ mọ́tò.

Ọlọ́run á la ọ̀nà èémí nínú àyà rẹ. Oògùn á máa bá àìsàn rẹ mu. Àwọn tó ń ṣèwádìí àìsàn yìí, Ọlọ́run á là wọ́n lóye. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ìwọ àti àbúrò rẹ á jọ máa fa ẹran já nínú àwo kan náà, tẹ́ ẹ máa pariwo títí mi ò fi ní í gbọ́ àdúà tí mò ń ṣe. Mi ò ní í bá yín wí lọ́jọ́ náà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Asiata, ní Ọ̀fà.